Kòkòrò Inú Ajá: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan, láti Ìwé Atúmọ̀ Crowther dé Àyẹ̀wò Ìfun Ajá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ọ̀rọ̀ kòkòrò nínú èdè Yorùbá láti ìgbà ìwé atúmọ̀ Crowther (1843) dé àkókò tiwa, tí àwọn onímọ̀ ti ń ka àwọn ohun abẹ̀mí tó ń gbé inú ìfun ajá. Mo fi hàn pé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ ẹ̀dá lásán tẹ́lẹ̀ di orúkọ ọ̀tá láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àti pé èrò ìṣègùn Yorùbá tí Buckley (1985) kọ sílẹ̀ sún mọ́ ohun tí àyẹ̀wò tuntun náà ń sọ ju ìtumọ̀ òde òní lọ. Ní ìparí, mo dábàá ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́ta tí a lè lò nígbà tí a bá ń bá àwọn tó ni ajá sọ̀rọ̀ ní agbègbè Tchaourou.

1. Ìfáàrà

Tchaourou wà ní ẹkùn Borgou, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Cotonou lọ sí Parakou. Yorùbá tí à ń sọ níbẹ̀, èyí tí ìwé ìjọba Benin máa ń pè ní nagot tàbí tchabè, ń bá èdè Baatonu àti èdè Fúlàní ná ọjà kan náà. Ajá wà nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa: ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ilé, ajá tó ń tẹ̀lé darandaran. Ohun tó ṣẹ́kù nínú àwo ni wọ́n ń jẹ: àmàlà, iyán, àkàsà, egungun, omi wàrà. Èyí tó kù, àwọn fúnra wọn ló ń wá a ní ààtàn.

Nígbà tí inú ajá bá dàrú, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù lọ ni pé: «Kòkòrò ti wọ inú rẹ̀.» Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà: pé kòkòrò náà ti òde wá, pé ibi ni, àti pé pípa ló tọ́ sí i. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni mí. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní CEG, flore intestinale ni orúkọ tí mo kọ́ fún àwọn ohun tó ń gbé inú ìfun, ìyẹn ni pé wọ́n fi wọ́n wé koríko àti ewé. Nílé, kòkòrò ni. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń dárúkọ, nítorí ọ̀kan dún bí ọgbà, èkejì sì dún bí ogun.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni kòkòrò ṣe di ọ̀rọ̀ ogun, kí sì ni èyí ń ná wa nísinsìnyí tí ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ti ń sọ pé ìfun tí kò ní kòkòrò tó ni ìfun tó ń ṣàìsàn? Mo lo àkọtọ́ Nàìjíríà (ẹ, ọ, ṣ) dípò ti Benin (ɛ, ɔ, sh) nítorí pé àwọn òǹkàwé wa wà ní ìhà méjèèjì ààlà.

2. Kòkòrò ṣáájú microbe

Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, èyí tó gbòòrò sí i sì tẹ̀lé e ní 1852. Kò sí bí kòkòrò ṣe lè túmọ̀ sí microbe nínú ìwé àkókò yẹn, nítorí pé kò tíì sí microbe nínú èdè Faransé pàápàá. Ọdún 1878 ni oníṣẹ́ abẹ Charles-Emmanuel Sédillot gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní Paris. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí CMS tẹ̀ ní 1913 ṣì ń lo kòkòrò fún ẹ̀dá tí ojú rí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà lò ó fún ẹ̀dá tó ń ba aṣọ jẹ́ nínú Mátíù orí 6.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń fara mọ́ orúkọ mìíràn. A ní kòkòrò eyín, kòkòrò inú igi, kòkòrò ẹ̀wà. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kejì ń sọ ibi tí kòkòrò ń gbé tàbí ohun tó ń jẹ. Ìbátan ibùgbé ni. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ so ìṣe méjèèjì pọ̀: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Òwe náà kò yìn kòkòrò, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti òde wá. Onílé ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkòrò, a ní aràn. Aràn ni èyí tí a máa ń rí nínú ìgbẹ́ ajá, tó gùn, tó ń rìn. A mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kòkòrò, síbẹ̀ a kì í fi gbogbo ìgbà kà á sí àjèjì. Nílé wa, bí ebi bá ń pa ọmọdé tí inú rẹ̀ ń kùn, àgbà a ní aràn inú rẹ̀ ló ń béèrè oúnjẹ. Ìyẹn ni pé aràn ní ìpín tirẹ̀ nínú oúnjẹ ọjọ́ náà.

Ohun kẹta tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé Yorùbá kì í fi dandan sọ àrùn ní orúkọ ohun tó fà á. Àrùn ajá tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rù jù ni dìgbòlugi. Bí a bá tú u palẹ̀, dìgbò lu igi ni: ajá tó ń sáré kọlu igi. Ìwà tí ojú rí ni orúkọ náà ń sọ. Kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀.

3. Orúkọ ń yí padà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà

Ó rọrùn láti rò pé èdè Yúróòpù mọ orúkọ ohun wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àwa nìkan ló ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1681, Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft ní Netherlands, fi awò tó ṣe fúnra rẹ̀ wo ìgbẹ́ ara rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ń ṣe gbuuru. Ó rí àwọn ohun tó ń rìn, ó sì pè wọ́n ní ẹranko kéékèèké ní èdè Dutch. Ká ní Yorùbá ni, kòkòrò ni ì bá pè wọ́n.

Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, Ferdinand Cohn, onímọ̀ ewéko ní Jámánì, to bakitéríà sí abẹ́ ẹ̀ka ewéko (1872). Èyí ló jẹ́ kí flore, tó jẹ́ orúkọ fún àpapọ̀ ewéko ibì kan, wọ inú ìfun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ ní CEG, nígbà tí ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti yọ bakitéríà kúrò lára ewéko. Microbe ti Sédillot wá láti èdè Gíríìkì: kékeré àti ìyè. Kò sọ pé ẹranko ni, kò sọ pé ewéko ni. Láti ara rẹ̀ ni a ti wá ní microbiote, èyí tó ń dárúkọ gbogbo àwùjọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹranko, ewéko, ìyè kékeré, àwùjọ: ìrìn àjò orúkọ nìyí. Yorùbá dúró sí ibi tí Leeuwenhoek ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni ẹrù tí a dì lé orúkọ náà lórí lẹ́yìn náà.

4. Bí kòkòrò ṣe di ọ̀tá

Ajá wà ní àárín ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1885, ní Paris, Louis Pasteur mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ṣe láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ehoro tí wọ́n sá gbẹ. Ọmọ náà yè. Pasteur kò rí ohun tó ń fa dìgbòlugi, nítorí ó kéré ju ohun tí awò ìgbà náà lè gbé síta lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ microbe bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn tó kù. Láti ìgbà náà, àrùn tí Yorùbá fi ìwà ajá sọ lórúkọ ti ní okùnfà tí a kò rí.

Ìmọ̀ náà tẹ̀lé àwọn amúnisìn wá sí Áfíríkà. Ní 1896, Émile Marchoux dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Senegal. Ilé àyẹ̀wò yìí ló padà di Institut Pasteur ti Dakar. Ní Dakar kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, títí kan tiwa, dá ilé ẹ̀kọ́ àpapọ̀ fún ìṣègùn ẹranko sílẹ̀ ní 1968. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà ẹran wa, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ohun tó wà nínú ìfun ajá. Tí wọ́n bá dé abúlé, wọ́n ní láti sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Baatonu tàbí ní Fúlàní. Ní Yorùbá, kòkòrò ni afárá tí wọ́n ń gbà kọjá.

Ní ìhà Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́, rédíò àti ìwé ìlera ló ṣe iṣẹ́ náà. Kòkòrò àìfojúrí wọlé, kòkòrò àrùn tẹ̀lé e. Ẹ wo ohun tó yí padà nínú gírámà: nínú kòkòrò eyín, ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ibùgbé, nínú kòkòrò àrùn, ọ̀rọ̀ kejì ti di ohun tí kòkòrò náà ń fà. Ìbátan ibùgbé ti di ìbátan ìbàjẹ́. Nígbà tí HIV dé, wọ́n ṣẹ̀dá kòkòrò apa-sójà-ara, ọ̀rọ̀ tó dára púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀, nítorí ó ṣàlàyé iṣẹ́ HIV tán pátá. Ṣùgbọ́n ó sọ ara di bárékè, ó sì sọ kòkòrò di apànìyàn. Ní 2020, kòkòrò kòrónà tún fi èdìdì dì í.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ṣe ìpolongo wọ̀nyí. Ogun ni wọ́n ń jà lóòótọ́, orúkọ ogun ló sì yẹ wọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni a gbé lọ sí ibi tí kò sí ogun. Ní agbo ilé kan lójú ọ̀nà Kika, mo gbọ́ ìjíròrò yìí láàárín ọ̀dọ́mọdé dókítà ẹran kan àti àgbà ọdẹ kan:

— Bàbá, mo rí kòkòrò nínú ìgbẹ́ ajá yín o.
— Háà, dókítà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní oògùn tí yóò pa gbogbo rẹ̀ tán.

Aràn ni dókítà rí, oògùn aràn ló sì fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá gbọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí ọjọ́ tó lọ, ó ti rán ọmọ lọ ra kápúsù ní ọjà láti fi kún un, kí kòkòrò kankan má baà ṣẹ́ kù. Bàbá kò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tí kòkòrò túmọ̀ sí lónìí gan-an ló gbọ́, ohun tó sì tẹ̀lé e ló ṣe.

5. Àpò inú: èrò tí a ti gbàgbé

Ní 1985, Clarendon Press ní Oxford tẹ ìwé Anthony D. Buckley jáde, Yoruba Medicine. Ohun tí Buckley gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá yàtọ̀ sí ohun tí kòkòrò ń sọ lórí rédíò. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé wọn, kòkòrò àti aràn wà nínú ara gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní àpò tí wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tó wúlò, bíi kí oújẹ dà nínú. Àìsàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí àpò kún, tí wọ́n tú síta. Oúnjẹ dídùn ń mú kí wọ́n pọ̀. Ohun kíkorò ń dá wọn padà sí ààyè wọn. Iṣẹ́ oògùn kì í ṣe láti pa wọ́n run. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú wọn padà sí ìwọ̀n.

Ènìyàn ni Buckley ń kọ̀wé nípa rẹ̀, kì í ṣe ajá. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló hàn nínú ìṣe àwọn ọdẹ tí mo mọ̀, tí wọ́n máa ń fún ajá ní omi ewúro bí inú rẹ̀ bá dàrú, tí wọn kì í sì í lé ajá tó bá ń jẹ koríko. Wọ́n ní ajá mọ ohun tí inú rẹ̀ ń fẹ́.

Ó yẹ kí n ṣọ́ra níhìn-ín. Mi ò sọ pé àwọn baba wa ti rí bakitéríà kí Leeuwenhoek tó rí i. Wọn kò rí i. Kò sì sí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò tó fi hàn pé àpò kan wà nínú ìfun tí kòkòrò ń gbé. Ohun tí mo ń sọ jẹ mọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: nínú èrò tí Buckley kọ sílẹ̀, kòkòrò kò tíì jẹ́ ọ̀tá fúnra rẹ̀. Iye rẹ̀ àti ibi tó wà ló ń pinnu bóyá yóò ṣe rere tàbí búburú. Ìlànà yìí ni kòkòrò àrùn bò mọ́lẹ̀, òun náà sì ni àyẹ̀wò tuntun tún gbé dé láti ọ̀nà mìíràn.

6. Ohun tí àyẹ̀wò ìfun ajá ń sọ

Ní 1977, Carl Woese àti George Fox ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè fi apá kan tó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí mọ ìran tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Nínú bakitéríà, 16S ni à ń pe apá náà. Ó dà bí ilà ojú láyé àtijọ́: gbogbo ìran ló ní in, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fà á yàtọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò sọ ìran tí onílà náà ti wá láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Látàrí èyí, kò pọn dandan mọ́ kí á kọ́kọ́ sin bakitéríà nínú abọ́ kí á tó mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́ díẹ̀ tó.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà fún ajá. Èkínní ń ka orúkọ gbogbo ìran tó bá bá pàdé. Èkejì ń ka iye àwọn díẹ̀ tí a ti yàn. Nínú oríṣi kejì, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí AlShawaqfeh, Suchodolski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2017, láti ilé àyẹ̀wò Texas A&M. Wọ́n lo ìgbẹ́ ajá 95 tó ní ìlera àti ajá 106 tí àìsàn ìfun ti pẹ́ lára wọn. Wọ́n ka iye gbogbo bakitéríà lápapọ̀ àti ti ẹgbẹ́ méje, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà náà lónìí ni pé èyí tó bá wà lábẹ́ 0 dára. Èyí tó wà láàárín 0 sí 2 ń fẹ́ àkíyèsí. Èyí tó ju 2 lọ fi hàn pé àwùjọ inú ìfun ti dàrú.

Ọ̀kan nínú àwọn méje náà ni Clostridium hiranonis, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Peptacetobacter hiranonis. (Ẹ rí i pé àwọn náà ṣì ń pààrọ̀ orúkọ.) Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yí ohun tó wà nínú òróòro, èyí tí ẹ̀dọ̀ dà sínú ìfun, padà sí irú mìíràn. Irú mìíràn yìí ló ń ká àwọn bakitéríà tó lè ṣe ibi lọ́wọ́ kò. Bí hiranonis bá dín kù púpọ̀, nọ́ńbà ajá náà máa ń gòkè. Nínú àyẹ̀wò yìí, nígbà náà, ìròyìn búburú kì í ṣe pé «a rí kòkòrò». Ó lè jẹ́ pé «a wá kòkòrò kan, a kò rí i».

Fusobacterium tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Nínú ènìyàn, irú rẹ̀ kan ni wọ́n máa ń bá nínú àrùn ìdí eyín àti jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Nínú ajá, ó wà lára àwọn tí à ń retí nínú ìfun tó ní ìlera. Nítorí náà a kò lè sọ pé kòkòrò yìí burú tàbí pé ó dára láìsọ inú ẹni tó ń gbé. Ibùgbé ló ń sọ ìwà rẹ̀. Gírámà kòkòrò eyín ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Gírámà kòkòrò àrùn ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju eré àwọn onímọ̀ èdè lọ rèé. Metronidazole, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Flagyl, wà lára àwọn kápúsù tí à ń rà fún ìgbẹ́ gbuuru, fún ọmọ àti fún ajá. Ní 2020, Pilla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ajá tó ní ìlera tí wọ́n fún ní metronidazole. Àwùjọ inú ìfun wọn dàrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí oògùn parí, Fusobacterium kò tíì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Oògùn náà ní ibi tó yẹ kí dókítà ti lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kòkòrò bá rán lọ sí ọjà lè ra ìdàrú fún ajá rẹ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀.

7. Ajá tí ń jẹ iṣu

Kí á má rò pé nọ́ńbà Texas lè bọ́ sí Tchaourou ní tààrà. A kò fi ajá agbo ilé wa ṣe ìwọ̀n náà, oúnjẹ sì ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìfun.

Ajá ti ń bá ènìyàn jẹun ó kéré tán láti 14,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2013, Axelsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé jíìnì tó ń ṣe ohun tí ara fi ń da oúnjẹ bí iṣu àti àgbàdo, AMY2B, jẹ́ ẹ̀dà 2 péré nínú ìkookò ilẹ̀ òtútù, ṣùgbọ́n ó jẹ́ 4 sí 30 nínú ajá. (Mo sọ pé ìkookò ilẹ̀ òtútù, nítorí ìkookò tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ nínú igbó kì í ṣe ẹranko inú Bíbélì tí a fún ní orúkọ yẹn.) Ìwádìí mìíràn ní 2016 fi kún un pé ajá àwọn ènìyàn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ní ẹ̀dà tó pọ̀ jù.

Àwọn tó ń gbé inú ìfun náà kópa nínú rẹ̀. Ní 2021, Rampelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìgbẹ́ ajá 13 wò, tó ti le bí òkúta, láti Solarolo ní Ítálì, tó ti lé ní 3,000 ọdún. Bakitéríà inú ìgbẹ́ náà ní irinṣẹ́ púpọ̀ fún dída oúnjẹ oko. Ohun tí wọ́n rí kà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ara ajá kò tíì mọ oúnjẹ oko jẹ dáadáa, àwọn tó ń bá a gbé ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ajá Tchaourou, ọmọ agbègbè iṣu, wà nínú ìtàn gígùn yìí. Bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n tó yẹ ẹ, a ní láti ka ìgbẹ́ àwọn ajá tó ní ìlera níbí. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko nìyẹn. Tiwa ni láti rí i dájú pé nígbà tí wọ́n bá wá béèrè fún ìgbẹ́ náà lọ́wọ́ àgbà ọdẹ, yóò mọ ohun tí wọ́n ń wá.

8. Àbá

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì tí Awobuluyi ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, kọ́ wa pé ọ̀rọ̀-ìperí gbọ́dọ̀ bá ìlànà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ èdè náà mu. Mo fi kún un pé ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ kí àlàyé tó parí. Mo gbé ọ̀nà mẹ́ta yẹ̀ wò.

Èkínní, ká tẹ̀lé flore, ká sọ pé ewéko inú. Yóò mú kí àwọn ènìyàn rò pé àgbo ni, kì í sì í ṣe òótọ́ mọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó dá a sílẹ̀ pàápàá. Èkejì, ká lo èrò fún ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbì kan, ká wá sọ pé èrò inú. Ṣùgbọ́n èrò inú ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú èdè: ohun tí ènìyàn ń rò ni. Ẹ̀kẹta, ká yá microbiote láti inú Faransé. Ẹni tó lọ sí CEG yóò gbọ́, ẹni tó ni ajá kò ní gbọ́. Ní ọ̀nà Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń yá ọ̀rọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, yóò tún di òmíràn.

Ohun tí mo dábàá ni kòkòrò alájọgbé. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ rọrùn: jọ àti gbé fún wa ní àjọgbé; oní àti àjọgbé di alájọgbé. Ó dá kòkòrò padà sí ìbátan ibùgbé tó wà nínú kòkòrò eyín àti nínú òwe ẹ̀fọ́. Láti ara rẹ̀ ni a ti lè rí ìdàrú àjọgbé fún ohun tí Faransé ń pè ní dysbiose, àti àyẹ̀wò alájọgbé fún àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀. Mo yan àyẹ̀wò dípò ìdánwò, nítorí ìdánwò ní ẹni tó ń yege àti ẹni tó ń kùnà, ajá kò sì jókòó fún ìdánwò kankan.

A lè sọ pé ìbẹ̀rù tó wà nínú kòkòrò ti pọ̀ jù, pé alájọgbé kò lè gbà á là. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé kòkòrò ló ń ṣiṣẹ́ nínú etí olùgbọ́. Apa-sójà-ara ló sọ HIV di ohun ẹ̀rù, kì í ṣe kòkòrò tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá lè gbé kòkòrò lọ sí ogun, òmíràn lè dá a padà wá sílé.

Kí á sì fi aràn sílẹ̀ ní ààyè rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Toxocara canis, aràn kan tó wọ́pọ̀ nínú ajá, lè wọ ara ọmọ ajá láti inú oyún ìyá rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ lè wọ ẹnu àwọn ọmọ wa tó ń ṣeré nílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé kòkòrò ń ṣe rere, tó wá dá oògùn aràn dúró, ti fi ọmọ ilé sínú ewu. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ méjì fún nǹkan méjì. Ká má fi kòkòrò pe aràn mọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìfun ajá. Bí mo bá tún ìjíròrò ọ̀nà Kika kọ, ohun tí mo fẹ́ kí dókítà lè sọ nìyí: «Bàbá, aràn wà nínú ajá yín, a óò lé e jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò alájọgbé inú rẹ̀ ni ó fi ń da oúnjẹ. Ẹ má fún un ní kápúsù ọjà, kí ó má baà pa àwọn yẹn.»

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Dókítà kò nílò ẹ̀rọ kankan láti sọ wọ́n, àgbà ọdẹ kò sì nílò ìwé láti gbọ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ lórí Baatonu àti Fúlàní ni mo fẹ́ bi ní ìbéèrè kan náà báyìí: nínú èdè wọn, ta ni ẹni tó ń gbé inú ajá, àlejò ni àbí onílé? Títí a óò fi mọ ìdáhùn náà ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tó bá dé ọjà Tchaourou yóò máa di mẹ́ta kó tó délé.